Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìtọ̀ Àwọn Ọmọ Etí Ọ̀yán

Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ìsédò Ọ̀yán ní apá àríwá Abẹ́òkúta. Ibi tí odò Ọ̀yán àti odò Òfìkì ti pàdé ni wọ́n sé, omi sì tàn kálẹ̀ títí tó fi gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4,000. Àwọn abúlé kan wọ omi lọ, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ tẹ̀ dó sí ibòmíràn, bíi Ìbarò àti Abúlé Titun. Abẹ́òkúta ń mu nínú omi náà, Èkó pàápàá ń mu níbẹ̀. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ mẹ́ta síbẹ̀ tí ì bá máa fún wa ní megawatt 9 iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá lórí àwọn ẹ̀rọ náà tí wọn kò tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ìṣáwùrú ló tètè rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ní 1991, I. E. Ofoezie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àtọ̀sí ajá, àìsàn aràn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní méjì nínú àwọn abúlé tuntun wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, C. F. Mafiana, U. F. Ekpo àti D. A. Ojo, tún yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọdé etí adágún náà wò, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ í lọ. Ìwé wọn jáde ní 2003. Ó ju ìdajì àwọn ọmọ náà lọ tí wọ́n bá ẹyin aràn nínú ìtọ̀ wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n lọ sódò, tí wọ́n fi omi adágún wẹ̀ létí ibi tí ìyá ti ń fọṣọ, ti di ilé aràn.

Ẹni tó bá rí i tí ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀ á ní aràn ló ń jẹ ẹ́ nínú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́rọ̀ rí gan-an. Aràn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara ọmọ náà tó ń bá ẹyin aràn jà ni wọ́n ń ba àpòòtọ̀ jẹ́, ibi tí ìjà ti le ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ohun tó sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ṣì máa sáré kiri, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa wẹ odò, ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà nínú ara tí iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ìjà, tó jẹ́ pé ìjà ni wọ́n ń pẹ̀tù sí. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá ni ìmọ̀ ìṣègùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí dunjú. Kò sí ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ wọn kedere tó ara ẹni tí àtọ̀sí ajá ń ṣe.

Bí aràn náà ṣe ń wọ ara kò le láti sọ. Ọmọ kan tọ̀ sínú omi, ẹyin inú ìtọ̀ náà pa, ohun tó jáde nínú rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ìṣáwùrú ẹ̀yà Bulinus, ó sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdin tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí ìrù wọn là sí méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára ìṣáwùrú sínú omi, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Ẹni tó bá wà nínú omi lásìkò yẹn, awọ ara rẹ̀ ni wọ́n máa gún wọlé. Wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á dàgbà níbẹ̀, akọ á gbé abo mọ́ra, àwọn méjèèjì á wá lọ fìdí kalẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpòòtọ̀ ká. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni abo sì ń yé ẹyin. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kairó, ló kọ́kọ́ rí wọn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ òkú ní 1851.

Ó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu pé ohun abẹ̀mí tó gùn tó ẹyọ ìrẹsì méjì lè gbé inú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò má pa á. Àwọn èròjà ara wa ni aràn náà ń kó bo ara rẹ̀, títí kan àwọn àmì tí a fi ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ní, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè rò pé ara ilé ni. Ẹyin rẹ̀ kò ní irú ìbora bẹ́ẹ̀. Ẹyin gbọ́dọ̀ kúrò nínú iṣan, kó la ẹran àpòòtọ̀ kọjá, kó bọ́ sínú ìtọ̀, kó lè padà sínú omi. Ó ní ẹ̀gún kan ní ìdí, ó sì ń tú omi kan jáde tó ń jẹ ẹran ara. Púpọ̀ nínú àwọn ẹyin yìí kò rí ọ̀nà gbà. Wọ́n há sínú ẹran àpòòtọ̀, ibẹ̀ sì ni ogun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀gún bá gún lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà oko mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á máa ro ó. Ìwúlé ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ló sì ń fà á, kì í ṣe ẹ̀gún. Ní 1882, ní ìlú Messina ní Ítálì, Élie Metchnikoff fi ẹ̀gún tíntìn gún ọmọ ẹja ìràwọ̀ kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi díńgí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti rọ́ wá yí ẹ̀gún náà ká, wọ́n fẹ́ gbé e mì. Macrophage ni wọ́n ń pe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ títí di òní. Èmi á máa pè é ní sẹ́ẹ̀lì agbémì nínú àròkọ yìí. Iṣẹ́ yẹn ló sọ Metchnikoff di ẹlẹ́bùn Nobel ní 1908.

Ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ẹja ìràwọ̀ ṣe sí ẹ̀gún náà ni tiwa ń ṣe sí ẹyin aràn. Sẹ́ẹ̀lì T, tí í máa dá ọ̀tá mọ̀, ló máa kọ́kọ́ gbúròó omi tí ẹyin ń tú jáde. Yóò ránṣẹ́ pe àwọn agbémì àti eosinophil, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ara sábà máa ń lò fún aràn. Wọ́n á dì mọ́ ẹyin náà, ìpele lórí ìpele, títí wọ́n á fi di kókó líle kan tó tóbi ju ẹyin fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ní 1967, Kenneth Warren àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú eku pé sẹ́ẹ̀lì ààbò ló ń mọ kókó náà, pé eku tó ti bá ẹyin pàdé tẹ́lẹ̀ ń tètè mọ ọ́n, ó sì ń mọ ọ́n tóbi ju ti eku tí kò mọ̀ ọ́n rí. Tí kókó bá pọ̀ nínú àpòòtọ̀, ara àpòòtọ̀ á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú ìtọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ara ń ṣe wèrè. Bí kókó náà kò bá sí, omi tí ẹyin ń tú jáde á máa ba gbogbo ẹran tó wà ní agbègbè rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gbà ni kókó náà jẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀gbà tí a kò bá dá àwọn tó ń mọ ọ́n dúró á gba gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá mọ̀gbà tó yẹ kí ìjà dẹ̀ á jà títí tí kò fi ní sí ohun tó ń jà fún mọ́.

Àwọn Ẹ̀gbá àtijọ́ mọ èyí nínú ìṣèlú wọn. Wọ́n ní Olórógun, àwọn tó kó wọn jagun Dahomey ní 1851 àti 1864, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìlú lé Olórógun nìkan lọ́wọ́. Ògbóni wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ilé Ògbóni bá sì ti fi òǹtẹ̀ lù, ó nira fún balógun láti yí i padà. Ara wa ní Ògbóni tirẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà bẹ́ẹ̀.

Shimon Sakaguchi ará Jàpáánì ló tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọ̀pọ̀ ti pa á tì. Lẹ́yìn egungun àyà, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní thymus, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń kọ́ iṣẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé tí wọ́n bá yọ thymus ọmọ eku ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i, ohun tí èèyàn ò retí ló máa ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á rò pé agbára ààbò eku náà á kù díẹ̀. Ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó kù máa ń dojú ìjà kọ ẹ̀yà ara eku náà fúnra rẹ̀. Sakaguchi gba sẹ́ẹ̀lì T lára eku tó gbó, ó fà á sára àwọn ọmọ eku wọ̀nyí, ìjà náà sì rọlẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé láàárín sẹ́ẹ̀lì T kan náà, àwọn ajagun wà, àwọn apẹ̀tù wà. Nígbà yẹn àwọn tó ti gbìyànjú láti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ti já àwọn èèyàn kulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tí kò dúró, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ọ̀dọ́ onímọ̀ kì í fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí. Sakaguchi kò jáwọ́. Ní 1995, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn apẹ̀tù náà ní àmì kan lára tí a fi ń dá wọn mọ̀, tí wọ́n ń pè ní CD25.

Ibi mìíràn pátápátá ni ẹ̀rí kejì ti wá. Ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ìtànṣán bọ́ǹbù átọ́míìkì ní àwọn ọdún 1940, wọ́n ṣàdédé bí àwọn akọ eku kan tí awọ ara wọn ń ṣí, tí inú wọn ń wú, tí wọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan láyé lọ. Wọ́n tọ́jú ìran àwọn eku náà. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Bothell ní ìpínlẹ̀ Washington, wá jíìnì tó bàjẹ́ lára wọn títí wọ́n fi rí i ní 2001. Foxp3 ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n rí i pé jíìnì yìí kan náà ló bàjẹ́ lára àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń bí pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà, ìgbẹ́ gbuuru àti ara tó ń bó. Ní 2003, Sakaguchi àti àwọn mìíràn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: Foxp3 ni jíìnì tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di apẹ̀tù. Ọmọ tí kò bá ní i, àwọn ajagun ara rẹ̀ á jẹ ẹ́ run.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n wá Ramsdell títí, wọn kò rí i; inú igbó orí òkè ló wà tó ń gbafẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ti pa fóònù rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀.

Báwo ni apẹ̀tù ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó ní ọ̀nà púpọ̀. Ó ń tú àwọn èròjà jáde, bíi IL-10 àti TGF-β, tó ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì kí wọ́n rọra. Àmì CD25 tó wà lára rẹ̀ ló fi ń fa IL-2 mu. IL-2 yìí sì ni àwọn ajagun fi ń pọ̀ sí i. Tí apẹ̀tù bá ti mu ún tán, àwọn ajagun kò ní lè bí sí i. Ó tún lè lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi àwòrán ọ̀tá han ajagun, kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kí wọ́n má lè ké sí ẹnikẹ́ni.

Apẹ̀tù nìkan kọ́ ló ń dá ìjà dúró. Sẹ́ẹ̀lì agbémì fúnra rẹ̀ lè yí padà. Tó bá gbọ́ ìpè èròjà IL-4 tàbí IL-13, á fi ìjà sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara ṣe. Ní Yunifásítì Cape Town, De'Broski Herbert, Frank Brombacher àti ẹgbẹ́ wọn ṣe àwọn eku kan tí sẹ́ẹ̀lì agbémì wọn kò lè gbọ́ ìpè yìí. Wọ́n fi aràn àtọ̀sí ajá ẹ̀yà kejì, èyí tó ń dá ìfun àti ẹ̀dọ̀ láàmú, kó wọn lára. Àwọn eku náà kú nígbà tí ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn eku lásán tí aràn kò kéré lára wọn ṣì wà láàyè. Ìwúlé tí kò sẹ́ni tó dá a dúró ló pa wọ́n. Ọdún 2004 ni ìwé náà jáde. Tèmi ni pé nínú gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó ṣàlàyé àwọn ọmọ etí Ọ̀yán tó o, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti ṣe é.

Èyí náà ló jẹ́ ká mọ ìdí tí àlejò fi máa ń ṣàìsàn ju onílé lọ. Àjòjì tó lọ wẹ̀ nínú adágún tí aràn wà, tó padà sí Yúróòpù, lè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù kan tàbí méjì pẹ̀lú ibà tó le, ikọ́ àti ara tó ń yún. Ibà Katayama ni wọ́n ń pè é, orúkọ àdúgbò kan ní Jàpáánì. Ọmọ tí wọ́n bí sí etí adágún kì í sábà ní ibà yìí. Ìyá rẹ̀ lè ti ní aràn nígbà tó lóyún rẹ̀, àwọn èròjà aràn sì ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú ikùn. Kí ọmọ náà tó fẹsẹ̀ kan omi ni àwọn apẹ̀tù rẹ̀ ti mọ aràn lójú. Nígbà tí ẹyin bá dé, kókó tí ara rẹ̀ máa mọ kò ní tóbi bíi ti àlejò. Nínú eku pàápàá, kókó tí ara mọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń tóbi jù. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn tuntun á máa kéré sí i.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwa nìkan ni àlàáfíà náà ṣe láǹfààní. Aràn ń jẹ nínú rẹ̀. Ó ń tú èròjà jáde tó ń ru àwọn apẹ̀tù sókè kí ara má bàa lé e. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, létí adágún Victoria, Diana Karanja, Daniel Colley àti ẹgbẹ́ wọn bá àwọn ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò nínú omi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tù pọ̀ lára ẹni tí aràn wà lára rẹ̀, àti pé tí wọ́n bá fi oògùn pa aràn náà, iye wọn á wálẹ̀. Wọ́n tún rí ohun mìíràn tó ya ni lẹ́nu: àwọn tí kòkòrò HIV ti pa sẹ́ẹ̀lì T wọn kò tú ẹyin jáde tó bí àwọn yòókù ṣe ń tú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aràn wà lára wọn. Aràn nílò ìjà tó wà láàárín wa àti ẹyin rẹ̀. Ìwúlé yẹn gan-an ló ń ti ẹyin gba inú ẹran kọjá bọ́ sínú ìfun tàbí ìtọ̀. Tí ara kò bá jà rárá, ẹyin á há. Tó bá jà jù, onílé á kú, aràn á sì bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fẹ́ kí a máa jà.

Àwọn apẹ̀tù tí aràn ru sókè kì í sì dúró lórí ọ̀rọ̀ aràn nìkan. Ní Lambaréné ní Gabon, Anita van den Biggelaar àti Maria Yazdanbakhsh yẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wò. Ìwé wọn jáde ní 2000. Àwọn ọmọ tó ní àtọ̀sí ajá, awọ ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tí wọ́n bá fi èròjà kòkòrò inú eruku ilé kàn án, IL-10 inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn léraléra, awọ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú sí eruku náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀rọ̀ kan, apẹ̀tù tí aràn gbé dìde ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ kí eruku má bàa dá a láàmú.

Ibà tí ẹ̀fọn ń fà náà fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ní òdì kejì. Ní Burkina Faso, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn Fúlàní tó ń gbé abúlé kan náà pẹ̀lú àwọn Mossi, tí ẹ̀fọn kan náà ń jẹ, kì í ní ibà tó wọn. Ní 2008, ẹgbẹ́ tí Maria Torcia ṣáájú tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tù àwọn Fúlàní kì í ṣiṣẹ́ bíi ti àwọn aládùúgbò wọn. Ajagun tiwọn rí àyè ja kòkòrò ibà dáadáa. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé òun ní àgbo tàbí oògùn tó ń “gbé agbára ààbò ara sókè”, ó yẹ ká bi í pé apá wo ló ń gbé sókè, ajagun ni tàbí apẹ̀tù, nítorí ohun tó gba ẹnì kan lè pa ẹlòmíràn.

Àwọn òyìnbó kan tilẹ̀ ti ronú pé ṣé kí wọ́n máa fi aràn ṣe oògùn. Wọ́n fún àwọn tí ìfun wọn ń wú ní ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ mu nínú ìdánwò ńlá, èrè tí wọ́n rò kò jáde níbẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání jù ni ti Rick Maizels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland, tí wọ́n rí i ní 2017 pé aràn eku kan ń ṣe èròjà tó ń farawé TGF-β tiwa láti fi ru apẹ̀tù sókè. Tí a bá lè mú èròjà náà, a kò ní nílò aràn.

Ní Ọ̀yán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ àǹfààní tan ara rẹ̀, nítorí àlàáfíà tí a ń sọ yìí ní iye tó ń gbà. Sẹ́ẹ̀lì agbémì tó fi ìjà sílẹ̀ láti tún ara ṣe, àpá ló fi ń tún un ṣe. IL-13 tó gba ẹ̀mí àwọn eku lásán là ní Cape Town yìí kan náà ló ń mú kí àwọn okùn líle máa hun sínú ẹran. Ọdún kan, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá tí ọmọ ń wọ omi tó ń jáde, àpá á máa gorí àpá. Ara àpòòtọ̀ á le, kò ní lè nà mọ́, àwọn ẹyin tó kú sínú rẹ̀ á di bíi yanrìn. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà wálẹ̀ láti inú kíndìnrín lè dí, omi á dá sẹ́yìn, kíndìnrín á bàjẹ́ láìsí ìrora kankan tó pariwo. Lára àwọn kan, ó ń di jẹjẹrẹ àpòòtọ̀. Àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù: ẹyin máa ń há sí ojú ara àti ọrùn ilé ọmọ, egbò á wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ó lè fa àìrọ́mọbí, ó sì ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún HIV. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n á ní àrùn ìṣekúṣe ló ń ṣe é, nítorí orúkọ tí a fún àìsàn yìí àti ti àtọ̀sí jọra, ìtìjú á sì mú un jókòó sílé.

Oògùn wà. Praziquantel ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Gíga ọmọ ni wọ́n fi ń wọn iye hóró tó máa lò, pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fàlà sí. Ó ń pa aràn tó ti dàgbà. Kì í ràn èyí tó ṣì kéré, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó. Tí wọ́n bá tètè lò ó lọ́mọdé, kókó inú àpòòtọ̀ á rọ, ọ̀pọ̀ ohun tó ti ń bàjẹ́ á sì padà bọ̀ sípò. Tí àpá bá ti le tán, oògùn á pa aràn, kò ní lè tú àpá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́, irú àwọn tí Mafiana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ni pínpín oògùn náà ń fò dá, nítorí hóró rẹ̀ tóbi, ó sì korò. Ní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, arpraziquantel, tó ń yòrò nínú omi, tí ọmọ oṣù mẹ́ta lè lò.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn tó ń bójú tó ìsédò náà jẹ àwọn ará Ìbarò, Abúlé Titun, Apòjọlá àti Ìmàlà ní gbèsè omi ẹ̀rọ. Èèyàn tí adágún gba ilẹ̀ rẹ̀ kí Èkó lè rí omi mu kò yẹ kó tún máa wọ inú adágún yẹn kó tó lè fọ aṣọ. Títí wọ́n á fi san án, ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró kí ẹ tó rí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá ń wọ odò, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun, nítorí inú á máa run ún tó bá lò ó sí inú òfìfo. Ìtọ̀ tí ẹ máa gbé lọ fún àyẹ̀wò, kì í ṣe ti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ti àkókò yẹn ni kí ẹ gbé lọ.